Abẹ́rẹ́ Èjìká Tí Ẹ Ò Jẹ́ Kí N Sìn Yín Lọ Gbà

Bàbá mi tí mo ṣì ń bínú sí,

Èjìká tó dà yín láàmú nígbà ayé yín ti wá bá èmi àkọ́bí yín náà. Ti ọ̀tún ni, bíi tiyín. Ẹ̀yin ru àpò ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ìwé lásán ni èmi ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì, síbẹ̀ n kò lè gbé apá sókè wé gèlè mọ́. Dókítà ní oríkèé rẹ̀ ti gbó, ó sì fún mi lábẹ́rẹ́ sí i lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Láńre àbúrò mi ló sìn mí lọ. Bí a ṣe jókòó de dókítà, òun náà ni mò ń bínú sí. Ṣebí òun nìkan lẹ máa ń mú dání lọ gba abẹ́rẹ́ tiyín? Ọ́fíìsì mi ní Liverpool Road ò jìnnà sí ọsibítù yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni mo lè fi rìn débẹ̀. Láńre ní láti ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Boundary kó tó lè tẹ̀lé yín. Ẹ ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Ṣé tiẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ni? Mo jowú, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì á jọ jáde. Ẹ ó sì máa súfèé wọlé bọ̀, bí ẹni tó lọ ṣeré.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé omi gbígbóná àti òrí wá láti fi tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà, bí gbogbo abiyamọ Ajégúnlẹ̀ ṣe ń ṣe fọ́mọ wọn? Láńre já táwẹ́ẹ̀lì gbà lọ́wọ́ mi. Dókítà ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, òun ló sì kìlọ̀ fún. Ẹ kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí n kò sí níbẹ̀? Nígbà tí ìrora náà sì lọ sílẹ̀, tí ẹ tún ń na apá mú fìlà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, Láńre ni gbogbo àdúgbò ń kí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè yìí, nọ́ọ̀sì ní, “Mummy, no shake body o, na small pain.” Kì í ṣe kékeré rárá. Mo pariwo, Láńre di ọwọ́ mi kejì mú. Nígbà tó parí, mo bi Láńre bóyá ẹ̀yin náà máa ń pariwo. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yẹn ti wà nínú mi, n kò kàn fẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó rí wù mí í rí.

Ó ní ẹ máa ń sunkún. Ó ní ẹ ò fẹ́ kí àkọ́bí yín rí omi lójú yín, ìdí tí ẹ kì í fi í mú mi dání nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ náà bá wọlé, orúkọ mi lẹ máa ń pè.

Ó yẹ kínú mi dùn, ó sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Bàbá mi: èmi lẹ pè, Láńre lẹ jẹ́ kó gbọ́. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ì bá ti dá yín lóhùn.