Páìpù Tí Mo Gé Lábẹ́ Ilẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ìgbà tí ẹ wà láyé, bí mo bá ti ṣe ohun tí kò dáa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí títí ẹ ó fi pè mí. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó máa pè mí mọ́. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi jáde sí yín lónìí.

Ilẹ̀ tí ẹ fi ń dáko lábẹ́ wáyà iná ńlá, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni mo ṣì ń gbìn síbẹ̀. Ẹ̀yin a máa ti ibi iṣẹ́ ọlọ́dẹ bọ̀ láàárọ̀, ẹ ò ní sùn, ẹ ó gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó rin gbogbo ibẹ̀ já, ẹ ó máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá òkúta, ìgò àti irin, ẹ ó sì máa jù wọ́n sínú garawa. Ó máa ń sú mi. Mo rò pé ẹ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Èmi ò lo ọkọ́ mọ́. Mo ra ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Tílà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bí mo bá ti fa okùn rẹ̀ tó dún, tí mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, eyín irin abẹ́ rẹ̀ á máa yí, á máa bu ilẹ̀ jẹ, èmi á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ kan ro, mo lè tú u kí oòrùn tó mú. Gbogbo àwọn tí a jọ ń dáko níbẹ̀ ló ń bẹ̀ mí níṣẹ́. Àwọn ará Okota pàápàá ń pè mí wá tú ẹ̀yìnkùlé wọn. Àǹtí Tílà ni orúkọ mi. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, Bàbá, ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣé ẹ rántí páìpù búlúù tí ẹ̀yin àti Bàbá Múfú, ọ̀rẹ́ yín, jọ rì mọ́lẹ̀, tó ń gbé omi láti ibi kànga lọ sí ìsàlẹ̀ oko? Bàbá Múfú ló ń tọ́jú póńpù rẹ̀ látìgbà yẹn. Ọrùn ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́. Mo mọ ibi tí páìpù náà gbà. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ó di àárọ̀ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Mo fẹ́ tètè dé Òṣòdì lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ kí ọjà tó kún. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kéèyàn jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí wọlẹ̀: kó kọ́kọ́ họ ojú ilẹ̀, kéèyàn tún padà gba ibẹ̀ kó tó jìn. Èmi jẹ́ kó jìn lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tí ẹ fi sàmì sí ojú páìpù dí mi lọ́nà, mo fà á tu. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi fò sókè, ó fẹ́ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa pa á, páìpù ti wé mọ́ eyín rẹ̀ bí ìfun ẹran.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Mo já páìpù náà kúrò, mo wọ́ erùpẹ̀ bo ibẹ̀, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo tún gún igi yín padà. Mo ti ẹ̀rọ sínú ahéré tí gbogbo wa ń kó irinṣẹ́ sí, mo gba Òṣòdì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tan póńpù, omi ò dé ìsàlẹ̀. Wọ́n walẹ̀, wọ́n rí i pé páìpù ti já, nítòsí ibi tí Bàbá Múfú ti lẹ̀ ẹ́ lóṣù tó kọjá.

Ìyá Sàdíà, tí ṣọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nísàlẹ̀ oko, kọjú sí mi. "Àǹtí Tílà, ṣé ẹ̀rọ yín ò kàn án?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ, Bàbá. "Rárá o. Mi ò dé ibi tí igi wà. Àfi tó bá jẹ́ pé ibi tí Bàbá Múfú lẹ̀ ló ṣí."

Ọmọ yín ni mí, wọ́n gbà mí gbọ́.

"Bàbá Múfú, ẹ ti dàgbà," Ìyá Sàdíà wí. "Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀."

Bàbá Múfú wò mí.  Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí i. Kí wọ́n tó rí páìpù mìíràn fi rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ, ṣọkọ Ìyá Sàdíà ti gbẹ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ gbé ẹ̀rọ. Ẹnì kan ti so nílọ́ọ̀nù dúdú kan mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo tú u. Àjákù páìpù búlúù ni mo bá níbẹ̀, gígùn rẹ̀ ò ju ìka mi lọ, ojú eyín irin hàn lára rẹ̀ ketekete.  Mo lọ bá Bàbá Múfú nídìí ebè rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pariwo yẹn gan-an ni mo rí àjákù yẹn lẹ́yìn eyín ẹ̀rọ. Mo yọ ọ́ kí wọ́n má baà rí i."

"Kí ló dé tí ẹ gbà kí wọ́n bú yín?"

"Mo ń retí pé wàá sọ ọ́ ni." Ó ń fa koríko lọ. "Bàbá ẹ ì bá ti sọ ọ́."

Lọ́jọ́ náà ni mo pe gbogbo àwọn tí a jọ ń dáko jọ, mo jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ó wù mí kí wọ́n bú mi. Ìyá Sàdíà kàn mi orí, ó yíjú sí Bàbá Múfú, ó kúnlẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò gbà á. Ó ní ó ti tó òun. Mo fi ọkọ́ tún ebè Ìyá Sàdíà kọ, mo gbin ṣọkọ mìíràn síbẹ̀. Ó ti ń hù. Ìyẹn ò gba ohunkóhun kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá, ṣé ẹ rí gbogbo rẹ̀? Ẹ̀yin náà ha ti bo àṣírí mi bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ ń retí kí n sọ ọ́, tí mi ò sì sọ ọ́? Ìgbà mélòó ni?

Láti kékeré mi, "Ọmọ mi, ṣé o jí?" ni Bàbá Múfú fi ń kí mi. Lánàá, a pàdé lẹ́nu ọ̀nà oko. Mo kúnlẹ̀. Ó dúró, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kí àlejò.

"Ẹ káàárọ̀, mádáàmù."

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì mọ bó ṣe máa dìde nílẹ̀.