Táyà Mọ́tò Lẹ́sẹ̀ Alùpùpù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mathias ọmọ yín ló ń sọ̀rọ̀, láti Ifangni. Ara mi le, ça va.

Háà, Ìyá, ohun tójú mi rí! Gbogbo àwa tó ń fi alùpùpù kó epo pupa láti Banigbé lọ sí Igolo, táyà mọ́tò la ń fi sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, torí kì í tètè gbó. Èmi náà ní kí wọ́n fi ọ̀kan sí tèmi, ó sì bá a mu rẹ́gí. Lójú ọ̀nà tó tọ́, orin ni mò ń kọ. Àfi bí mo ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti yí sósì ní Daagbé! Mo tẹ̀ sósì, alùpùpù kọ̀ jálẹ̀. Táyà yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ó wọ́ mi lọ tààrà sára igi ọ̀pẹ. Ẹnu ṣì ń yà mí di ìsinsìnyí.

Àwọn tó sáré wá ń pariwo ẹ̀jẹ̀. Mo ní epo ni. Epo ló kúkú pọ̀ jù níbẹ̀.

Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa, orí bẹ́ẹ̀dì ni oúnjẹ ń bá mi. Ẹ bá mi kí Rachidatou ìyàwó mi, kó má ṣèyọnu wá síbí. Ẹ kí Bàbá náà. Bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, kí wọ́n bá mi gbẹ́ igi méjì tó ga dé abíyá mi.