Pèrègún Tí Mo Gbìn sí Ilé Ìjọba

Abdulkareem ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Zulaikha ìyàwó rẹ le, ṣé oyún ò dà á láàmú? Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Àwa náà wà ní Ìrẹsà níbí, a dúpẹ́. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lágídí bíi tìẹ.

Ọ̀rọ̀ ilé tí o bá mi sọ lórí fóònù ò kúrò lọ́kàn mi. O ní wọ́n ń gbé iṣẹ́ tíṣà rẹ kúrò ní Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé ìjọba ti yọ owó sílẹ̀ láti kọ́ ilé púpọ̀ sí i níbẹ̀, ilé tí owó rẹ̀ ò ga jù, fún àwọn aláàárín tí kì í ṣe olówó tí kì í sì í ṣe tálákà. O ní o ti forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ wo lo kúrò láàárín àwa tálákà tí o ò sọ fún mi, kí n lè ṣe sàráà? Àbí èmi náà ti bá ọ kúrò tí mi ò mọ̀?

Mo bá ní kí Mubaraq ọlọ́kadà gbé mi lọ wo àwọn ilé náà. Ilé lọ bẹẹrẹ! Ọ̀dà kan náà, fèrèsé kan náà. Báwo ni ewúrẹ́ ibẹ̀ ṣe máa mọ ilé olúwa rẹ̀? Mo yan èyí tó wà nítòsí igi máńgòrò fún ọ, mo sì gbin pèrègún sí orígun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ẹni tó bá rí pèrègún mọ̀ pé ilẹ̀ ti lólúwa. Mo gbé obì àti oyin dání láti fi kí onílẹ̀. Ebenezer, mẹ́gàádì ibẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìjọba ló nilẹ̀. Mo ní ta ni àgbà nínú wọn kí n lọ kí i. Ó ní wọn kì í yan ilé, ẹni tórúkọ rẹ̀ bá jáde ni wọ́n ń fún. Ṣùgbọ́n ó jẹ obì náà o.

Ó mú mi wọlé. Yàrá mẹ́ta ni, ó ní ọ̀kan fún tọkọtaya, ọ̀kan fún àwọn ọmọkùnrin, ọ̀kan fún àwọn ọmọbìnrin. Mo bi í pé èwo ni ti ìyá bàbá wọn. Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní wọn ò sọ ìyẹn fún òun. Kí n má parọ́, ó dùn mí. Ta ni yóò máa wẹ ọmọ tuntun?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àdí àti kànìnkànìn ọmọ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kórúkọ rẹ jáde, kí ilé náà tù yín lára, kí ẹ fi ọmọ kún un. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ẹ̀yin mélòó ni yóò máa gbébẹ̀, kà mí mọ́ ọn. Bí mi ò bá tilẹ̀ ní wá, ṣáà kà mí mọ́ ọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràmọ́tà.