Kọ̀ǹpútà Yín Ṣì Ń Pè Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé a kì í kí ẹni tó ti kú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni kí n ti ṣe é? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ wa pé ẹni tó kú ń sùn ni, kò gbọ́, kò mọ̀, títí di àárọ̀ àjíǹde. Bí alàgbà ìjọ wa bá rí lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi, ó di ẹjọ́. Kó di ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkẹ́nnẹ́. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gun ọ̀kadà wá sílé ní Ìlíṣàn kí n lè bá Màámi fi orin àti àdúrà ṣí Ọjọ́ Ìsinmi wa, tó ń bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, nítorí orin ò ṣeé dá kọ nínú pálọ̀ yẹn. Wọ́n ṣì máa ń se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bàtà yín ṣì wà níbi tí ẹ máa ń jókòó sí tí ẹ bá ń kùn ún, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ rántí pé kò sí iná láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ṣubú. Ìdí kọ̀ǹpútà yín la ti bá yín, ẹ ń retí iná. Ta ni yóò rántí bọ́tìnnì nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ó wà níbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. A sin yín, a da aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà, a ti ilẹ̀kùn yàrá ìwé yín. Tiransífọ́mà àdúgbò bàjẹ́ lásìkò yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà lókùnkùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni iná dé. Nírọ̀lẹ́, èmi àti Màámi wà ní pálọ̀ nígbà tá a gbọ́ ọ nínú yàrá tí a tì pa, bí ìgbà tí ẹnì kan ń tẹ nọ́ńbà lórí tẹlifóònù. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ń súfèé, ó tún ń han, ó wá dákẹ́ lọ gbári. Kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ kì bọ ilẹ̀kùn, ó dún kọ́, kọ́, lẹ́ẹ̀mejì péré, bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ tó gbàdúrà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, aṣọ funfun yẹn ń tàn láti abẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó rántí ohun tí ẹ fi ń yangàn sí mi nígbà tí ẹ̀rọ náà dé. Ẹ ní ẹ ti pàṣẹ fún un: láago mẹ́rin gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kó máa gba okùn tẹlifóònù pe nọ́ńbà kan ní Èkó, kó gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe ètò tó ń darí rẹ̀ bá gbé jáde, kó fi sára rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ ní nínú ilé yìí, iṣẹ́ ènìyàn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀. Mo bá yín rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Mo fẹ́ pa bọ́tìnnì náà, Màámi ní kí n fi í sílẹ̀. Bí iná bá lọ tó bá dé, yóò tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aago mẹ́rin ló ń pè mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, aago márùn-ún ti lù. Lọ́sẹ̀ kejì ó lé díẹ̀ sí i. Ó ń sún mọ́ wa bẹ́ẹ̀ títí tó fi bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ gan-an, nígbà tí a bá ń kọ orin ìṣísílẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Bàbá, ìyàwó yín, díákónì obìnrin, ẹni tó ń bá àwọn opó wí pé kí wọ́n má ṣe bá òkú sọ̀rọ̀! Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ìka kan sókè, orin á dúró, a ò ní mí títí yóò fi dún kọ́, kọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ṣàìsàn ní Ìrólú, wọ́n ní àwọn ò lè sun ibẹ̀ mọ́jú ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ará ìjọ ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ lọ, pé Màámi náà ti ń tẹ̀ lé yín díẹ̀díẹ̀.

Ni mo bá lọ mú ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá láti Ṣàgámù, lọ́jọ́ tí Màámi lọ sóko. Ó ní bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ń kú lọ, ìyẹn ni aago rẹ̀ fi ń fà sẹ́yìn, tí ìpè rẹ̀ fi ń pẹ́ sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá pẹ́ kọjá ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó sì ti omi tí mo gbé fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó fi ọ̀nà mẹ́ta hàn mí. Mo lè fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀. Mo lè ní kó máa béèrè kó tó ṣe ohunkóhun. Tàbí kó má ṣe é mọ́ láé. Ẹ mọ̀ mí, ọmọ olórí kunkun. Mo ní kó má ṣe é mọ́ láé, mo sì pa nọ́ńbà náà rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, a kọ orin. Oòrùn wọ̀. Màámi gbé ìka wọn sókè. Kò sí nǹkan kan. Ìka yẹn wà lókè títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, wọ́n wò mí.

“Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni? Bàbá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an níṣẹ́. Òun nìkan ló kù láyé yìí tó ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ.”

Wọ́n wọlé lọ sùn láìjẹun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ìwé yín, tí mò ń wá nọ́ńbà yẹn, n kò rí i. Ibo lẹ kọ ọ́ sí? Àbí orí lẹ fi pa mọ́? Abèèrè kì í ṣìnà, ẹ̀yin lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ lásán gbà láti máa béèrè. Èmi tí ẹ bí, n kò bi Màámi ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òjò ṣú, àrá ń sán láti apá Símáwà. Mo yọ okùn iná kọ̀ǹpútà, mo yọ ti tẹlifóònù, mo ká méjèèjì jọ sórí itan mi, a sì bẹ̀rẹ̀ orin. Oòrùn wọ̀. Màámi gbé ìka wọn sókè, mo fẹ́ sunkún nítorí àánú wọn.

Mo wá gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń tẹ nọ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Okùn wà lórí itan mi, Bàbá, mo dì í mú. Mo fẹ́ dìde. Màámi kò lajú.

“Jẹ́ kó parí.”

Mo jókòó. Ó han, ó dákẹ́, ó dún kọ́, kọ́. A sì gbàdúrà.

Ta ló ń tẹ nọ́ńbà tí mo ti pa rẹ́? Bí ẹ̀yin bá ni, ẹ má bínú sí mi. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, kẹ́ ẹ sáà máa parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. N kò ní fi okùn náà padà, n kò sì ní yọ yín lẹ́nu.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò béèrè nígbà tó yẹ, tó wá ń béèrè báyìí.