Ariwo Pọ́ǹpù àti Ọgbọ́n Cedric

Ẹ̀bá odò, Todmorden
Oṣù Kìíní

Lorna ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo ní ìrètí pé òtútù ọ̀dọ̀ yín kò mú yín ju bó ti yẹ lọ, àti pé ara yín le koko. Àwa náà wà láyé. Ikọ́ bàbá rẹ ti ń rọlẹ̀, ó sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lánàá.

Nígbà tí o pè, o ní kí a gbọ́rọ̀ sí Cedric lẹ́nu, kí a ta ilé. N kò dá ọ lóhùn nítorí pé bàbá rẹ wà nítòsí. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àbúrò bàbá rẹ fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣe fún wa.

Nígbà tí ewé ń já ní ìgbẹ̀yìn ọdún tó kọjá, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ pé òun á bá wa kun pálọ̀. Ó tú irin ooru tí omi gbígbóná ń gbà kọjá kúrò lára ògiri, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì tún un so padà bó ṣe wù ú. Láti ọjọ́ náà ni omi ti ń dún gùlùgùlù nínú ògiri, tí pọ́ǹpù inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ń ti omi gbígbóná bọ́ílà káàkiri ilé, sì ń kùn bí oyin tí wọ́n dé mọ́ agolo.

Mo bá a sọ ọ́. Ó gbé àpò irinṣẹ́ dé bí ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá. Ó kúnlẹ̀, ó mi orí. "Ìyàwó wa, pọ́ǹpù yìí ló ń ṣọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n nà án lẹ́gba díẹ̀." Ló bá yí i dé ibi tó ti ń sáré jù. Ọkùnrin tí kò lè se ẹyin kó má fọ́.

Ariwo di ìlọ́po méjì. Pọ́ǹpù wá ń ti omi gun òkè àjà, ó ń dà á sínú táǹkì kékeré tó wà níbẹ̀, títí táǹkì fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Omi gba àjà yàrá tí bàbá rẹ dùbúlẹ̀ sí wọlé. Cedric sáré gòkè, ó dúró gan-an sábẹ́ ibi tó ń jò, ó lanu, ó ń wòkè, omi ń kán sórí apárí rẹ̀. Bàbá rẹ, tí kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, ní, "Cedric, ṣé kí wọ́n bá ọ wá agboòrùn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

O rò pé ojú tì í? Ó nu orí, ó ní, "Bọ́ílà yìí ti kú. Ilé yìí gan-an ti gbó bí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ tà á, ẹ wá síbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti mọ ẹni tó máa rà á." Àṣé ó ti bá oníbàárà sọ̀rọ̀! Ó pa bọ́ílà, ó pa pọ́ǹpù, ó sì lọ jẹ ẹran yíyan nílé ara rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àyà ń dùn sílẹ̀ nínú òtútù.

Yìnyín ti dí ọ̀nà, oníṣẹ́ gáàsì ní òun kò lè tètè dé. Mo fi kóòtù lé kóòtù fún bàbá rẹ, síbẹ̀ ètè rẹ̀ ń dú. Ẹ̀rù bà mí, Lorna. Mo wá bi ara mi pé, nínú bọ́ílà àti pọ́ǹpù, èwo gan-an ló ń pariwo?

Mo tan gbogbo rẹ̀ padà. Mo mú ṣíbí igi, mo fi ìdí rẹ̀ lé ara bọ́ílà, mo fi etí mi lé orí rẹ̀. Ó ń mí jẹ́ẹ́ bí ológbò tó sùn. Mo gbé e lọ sára pọ́ǹpù: ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń yan àgbàdo. Bọ́ílà tí Cedric ti sin kò ṣàìsàn rárá. Mo fọwọ́ kan àwọn irin ara ògiri, ìsàlẹ̀ wọn gbóná, òkè wọn tutù. Afẹ́fẹ́ ló há sínú wọn, afẹ́fẹ́ tí Cedric fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọlé.

Mo dá pọ́ǹpù padà sí ibi tó ti ń rọra ṣiṣẹ́, mo pa á, mo jẹ́ kó tutù. Mo wá ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tú ìdérí tó wà lókè irin kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóòórùn ń sá jáde, ṣìì, títí omi fi yọjú, mo sì dì í padà. Mo tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ pọ́ǹpù, mo yí ìdérí kékeré tó wà níwájú rẹ̀ díẹ̀, òun náà pọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà mo tan ooru, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi bàbá rẹ tó ń mí lókè.

Nígbà tí ọ̀nà là, oníṣẹ́ gáàsì wá yẹ bọ́ílà wò. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Cedric dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fọwọ́ kan irin, ó gbóná. "Ṣé ẹ rí i? Ìsinmi ló ń fẹ́. Ìdí tí mo fi pa á nìyẹn." N kò bá a jiyàn, ta ló ń bá àgbá òfìfo jiyàn? Mo ní kó jáde wá wo nǹkan níta, mo gbé tíì lé e lọ́wọ́ níbi àtẹ̀gùn, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Inú yìnyín ló ti mu ún tán.

A kò ní ta ilé, má sì dá a lábàá mọ́. Ooru wà nínú yàrá rẹ, wá nígbà Àjíǹde. Ọlọ́run yóò pa ilé tìrẹ náà mọ́, kò ní jẹ́ kí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan wọ inú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Edna

Mo gbàgbé: Mavis ìyàwó Cedric yọ́ wá láàárọ̀ yìí. Ọkọ rẹ̀ ti lọ na pọ́ǹpù tiwọn náà lẹ́gba, ilé wọn sì ń ké. Ó bẹ̀ mí kí n wá tún un ṣe bí Cedric bá ti jáde lọ. Màá lọ, nítorí Mavis.