Apá Kúbúrá Méjèèjì

Ilé Alátẹ,
Òkè Mápó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1957.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Asalaamu alaekun o. Fàsásì, ṣé dáadáa ni o wà ní Kùmásí níbẹ̀? Ara ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ṣé àwọn tí o wọ̀ sí lọ́dọ̀ ń tọ́jú rẹ? Ìyá wa ń kí ọ, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, alihamudulilai. Àwọn ìyàwó rẹ méjèèjì àti àwọn ọmọ wà lálàáfíà. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já, nítorí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Èmi obìnrin yìí fúnra mi ni mo sì kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ akọ̀wé kankan. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ò ń torí rẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín náà nìyẹn!

Ìgbóná ló jà dé Ìdí Arẹ́rẹ́. Ó mú ọmọ méjì lọ nínú agboolé kan ṣoṣo. Ni àwọn abupá bá ń wọ ojúlé kiri, wọ́n ń sín oògùn sí èèyàn lápá bí ẹni sín gbẹ́rẹ́, kí àrùn náà má baà ràn wọ́n. Ariwo gba Ọjà'ba kan. Àwọn kan ní oògùn yẹn gan-an ló ń gbé àrùn wọlé. Èyí tó dé etí àwọn ìyàwó rẹ ni pé abiyamọ tó bá bupá, omi ọyàn rẹ̀ máa gbẹ. Àwọn méjèèjì ló sì ń fọ́mọ lọ́yàn! Mo ní irọ́ ni, wọn ò gbà.

Japheth, abupá tó wá sílé wa, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kó ìyàwó sí ẹ̀hà kí o tó lọ, ọkùnrin àjèjì wo ló máa wá rí wọn sójú? Mo bá ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ní kí kálukú na apá síta láti ẹ̀yìn rẹ̀. Apá kan yọ, ó sín in. Apá kejì yọ, ó sín in. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wò ó bóyá ó mú. Mo dúpẹ́, mo gba ọjà mi lọ.

Kò pẹ́ ni mo rí i pé Kúbúrá ò lè gbé apá sókè wé gèlè. Ibà sì ń ṣe é. Mo ká aṣọ rẹ̀ sókè: ọ̀tún wú, òsì wú! Mo wo apá Èjìdé, ìyàwó rẹ kékeré, ó ń dán, kò sí ojú oògùn kankan níbẹ̀. Àṣé ìyálé ló na méjèèjì! Yéè! Mo pariwo mọ́ ọn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó jẹ́ kí n parí. Ó ní bí ọyàn bá máa gbẹ, kó gbẹ lára òun nìkan, nítorí Àkíbù tirẹ̀ ti ń mu ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ọyàn nìkan ni ọmọ Èjìdé mọ̀. Fàsásì, omi bọ́ lójú mi. Àwọn tó ń sọ pé orogún ò lè fẹ́ràn ara wọn, kí wọ́n wá wo ilé wa.

Ṣùgbọ́n ta ló ń bá aláìsàn mu àgbo kí ara aláìsàn yá? Ìgbóná ò kúkú mọ̀ pé ìyálé ti gba ti ìyàwó. Ẹ̀rù Èjìdé àti ti ọmọ tí o kò tíì fojú rí kò jẹ́ kí n sùn.

Lọ́jọ́ tí Japheth padà dé, mo tún ta aṣọ. Èjìdé fà sẹ́yìn, ó dì mọ́ ọmọ, ẹkún ló ń sun. Kúbúrá sún mọ́ ọn. Ó fa ọyàn yọ, ó fún un, omi ọyàn tú sí Èjìdé lójú!

Ó ní, "Ti ẹni méjì ni mo gbà o! Ṣé ó gbẹ?"

A rẹ́rìn-ín débi pé Japheth ń béèrè láti ìta pé kí ló dé. Ta ló máa sọ fún un? Èjìdé nu ojú, ó na apá síta. Lẹ́yìn náà ó na apá kékeré ọmọ rẹ. Ọmọ náà ké gbogbo ilé jí. Ó ti mú lára àwọn méjèèjì báyìí, ọyàn sì ń ṣàn.

Bá mi kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn tó wà lọ́dọ̀ yín. Gbogbo ilé ti bupá tán, ó wá ku ìwọ. Ìyá wa ṣì rántí bí o ṣe sá gun àjà nígbà tí abupá wá nígbà èwe rẹ. Kúbúrá ní kí n kọ ọ́ síbí pé ọjọ́ tí o bá dé, ẹnu ọ̀nà ni òun máa dá ọ dúró sí, apá rẹ ni òun sì máa kọ́kọ́ wò kí o tó gbé ọmọ. Ó ní apá méjì péré ni Ọlọ́run fún òun, òun sì ti nà wọ́n tán. Kò ṣẹ́ku èyí tí òun máa bá ọkọ nà.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
Sìdí.