Imọ̀ Ọ̀pẹ Tí Wọ́n Pè Ní Màrìwò

Festac Town,
Amuwo-Odofin, Èkó.
23 Oṣù Kejìlá, 1978.

Rosaline, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì? Ọlọ́run yóò fún ọ ní ìlera. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá.

O mọ̀ pé nítorí ọmọ tí Bernice, ìyàwó Ọlábánjí ọmọ mi, bí ni mo ṣe wá. Iṣẹ́ ìjọba ni tọkọtaya ń ṣe, èmi ni mo ń gbé ọmọ. Ilé wọn dára, àmọ́ òfin ibẹ̀ pọ̀ ju ti ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu àtẹ̀gùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan gílóòbù aláràbarà tàbí so ohun ọ̀ṣọ́ ọdún mọ́ bálíkónì, pé gbogbo ilé gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹni tó bá rú òfin yìí, wọn á gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rò pé iná àti ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń rà lọ́jà nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ta ló ń ṣe Kérésìmesì láìso imọ̀ ọ̀pẹ? Mo wá a dé Kuje, abúlé kan nítòsí wa, mo so ó mọ́ irin bálíkónì, mo tún fi èékánná ya á wẹ́wẹ́ kó lè rẹwà. Àṣejù mi nìyẹn. Fọlọ́runṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé wa gbójú sókè, ó figbe ta: "Màrìwò! Ta ló ń bọ òrìṣà nílé ìjọba?" Èmi, ìyá ìjọ! Mo bú u dáadáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀gá ẹ́sítéètì ti ránṣẹ́ pe Ọlábánjí pé ó ṣe ojúbọ sí bálíkónì.

Ẹ̀rù bà á kí ilé má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àlejò ló so ó, pé àlejò náà sì ti padà sí Iléṣà. Wọ́n fojú fò ó. Rosaline, èmi ni àlejò tó ti lọ! Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọdọ̀ yọjú ní fèrèsé, mi ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kúkú máa lọ lóòótọ́, ó ní, "Màmá, ta lẹ wá fẹ́ kó máa gbé ọmọ?" Ọ̀túnla ni Kérésìmesì, mi ò ní lè dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Orin kíkọ fún ọmọ pàápàá ti di èèwọ̀, torí àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ ohùn mi. Tó bá ń sunkún, màá pọ̀n ọ́n, màá máa jó láìlanu, àfi bí odi. Inú ń bí mi, àánú ọmọ mi sì tún ń ṣe mí, torí mi ò fẹ́ kó pàdánù ilé.

Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí Ọlábánjí pé àìsàn dá ọ dùbúlẹ̀, pé orúkọ mi lò ń pè. Mo mọ̀ pé o kì í purọ́. Pa ẹyọ kan yìí fún mi, kí irọ́ tí Ọlábánjí pa lè di òótọ́. Bernice ni yóò bá mi fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Ojú ń ti òun náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àìsàn irọ́ yìí di tòótọ́ sí ọ lára. Ọdún á yabo fún wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Àyìnkẹ́.

Àfikún: Orúkọ Ọlábánjí nìkan ni kí o kọ sára àpò ìwé. Má kọ tèmi mọ́ ọn o, Fọlọ́runṣọ́ ló ń gba lẹ́tà wa. Mi ò sí níbí.